Àga Aláwọ Kan fún Bàbá Jọlá

Títí Ṣùkúrát fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, kò fọwọ́ ara rẹ̀ ra àga rí. Kì í ṣe pé ìṣẹ́ ń ṣẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀. Àga ló ṣáà máa ń wá bá a nílé. Èyí tí òun àti Ọlálẹ́yẹ ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ lò, àbúrò ìyá rẹ̀ kan ló fi ta wọ́n lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó: àga onígi mẹ́ta, tí wọ́n tẹ́ fóòmù aláṣọ pupa sí. Nígbà tí ìyẹn fọ́ tán, ọ̀gá Ọlálẹ́yẹ kan ní ilé ìkàwé yunifásítì, tó fẹ́ kó padà sí ìlú rẹ̀, fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ara àga yẹn ni àwọn ọmọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dì mú nígbà tí wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń dìde dúró, nínú ilé wọn ní Agbowó. Aṣọ rẹ̀ ṣá, Ṣùkúrát pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó fi pààrọ̀ náà tún ṣá. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ọdún márùndínlógójì ló fi dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé. Ẹni tó bá dúró láti àárọ̀ títí di ọ̀sán kì í ṣàṣàyàn àga tó bá délé. Èyí tó bá rí ni yóò jókòó lé.

Ẹ̀yìn Ọlálẹ́yẹ ló mú ọ̀rọ̀ àga wá. Kò tí ì pé ọdún kan tí àwọn méjèèjì fẹ̀yìn tì tí ẹ̀yìn náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Bó bá jókòó, á rì wọnú fóòmù àtijọ́ yẹn bí ẹni tó já sí kòtò. Bó bá fẹ́ dìde, àfi kí Ṣùkúrát fà á lápá méjèèjì. Wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ring Road. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò, obìnrin kan tí kò tó àbígbẹ̀yìn wọn lọ́jọ́ orí, wo fọ́tò egungun rẹ̀ títí, ó wá béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè rí.

“Bàbá, irú àga wo lẹ máa ń jókòó lé nílé?”

Ọlálẹ́yẹ wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo ilẹ̀.

“Ẹ wá àga tó le díẹ̀,” ni dókítà wí, “tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga, tí àtẹ́lẹsẹ̀ yín máa tẹlẹ̀ dáadáa tẹ́ ẹ bá jókòó. Oògùn tí mo kọ yìí ò lè ṣe iṣẹ́ tí àga máa ṣe.”

Nígbà tí Ṣùkúrát sọ ọ́ fún Jọlá, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé Bódìjà, Jọlá ní ọ̀rọ̀ náà ò le. “Màámi, ẹ lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù Ring Road yẹn. Ẹ má ra aláṣọ mọ́ o, eruku ló ń gbé. Ẹ ra lẹ́dà.”

Ọ̀rọ̀ náà há sí Ṣùkúrát létí. Lẹ́dà ni wọ́n ń pe ọ̀rá tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì. Lẹ́dà náà ni wọ́n ń pe èyí tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ yàrá. Lẹ́dà tún ni wọ́n ń pe àga funfun tí Jọlá fúnra rẹ̀ rà lọ́dún méjì sẹ́yìn, tó ti ń bó pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀ bí ara ẹni tí oòrùn pa. Nínú ilé tí wọ́n ti bí Ṣùkúrát, awọ ni awọ ń jẹ́, kò sì sí ohun mìíràn tó ń jẹ́ orúkọ mọ́ ọn.

Kó tó kúrò nílé lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ wo àga, ó ní kí Ọlálẹ́yẹ jókòó sórí àga ilé ìdáná. Ó mú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó wọ̀n ọ́n láti gìgísẹ̀ dé orúnkún, ó ta kókó kan. Láti ìdí dé ìpàkọ́, ó tún ta kókó kan.

“Kí lò ń ṣe?” ni Ọlálẹ́yẹ bi í.

“Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ má tẹ̀. Mò ń wọ̀n yín ni.”

“Bí ẹni fẹ́ kan pósí.”

“Ẹ dákẹ́ ìyẹn.”

Ó ká okùn náà sínú báàgì rẹ̀, ó wọ mọ́tò láti Agbowó, ó bọ́ sílẹ̀ ní Ring Road. Ṣọ́ọ̀bù tó kọ́kọ́ wọ̀ tutù nini bí inú fíríìjì, àwọn àga inú rẹ̀ sì ń dán tó fi jẹ́ pé iná òkè hàn lára wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun wá pàdé rẹ̀. Mark lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ìpínlẹ̀ Delta ni, àmọ́ Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí, Yorùbá sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju àwọn ọmọ Ṣùkúrát gan-an lọ.

“Mọ́mì, ẹ káàbọ̀. Ta lẹ fẹ́ ra àga fún?”

“Ọkọ mi. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Àga aláwọ ni mo fẹ́.”

“Ẹ ti dé ibi tó yẹ kẹ́ ẹ dé.” Ó mú un dé iwájú àga dúdú kan tó tóbi bí ìtẹ́ ọba. “Èyí, lẹ́dà Ítálì ni. Oríjínà. Ẹ lè lò ó fún ogún ọdún.”

Ṣùkúrát tẹ̀ ba, ó gbé imú sún mọ́ apá àga náà, ó fà á símú. Kò gbóòórùn ẹran, bẹ́ẹ̀ ni kò gbóòórùn igi. Òórùn aṣọ òjò tuntun ló gbọ́. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Awọ, bí a bá tẹ̀ ẹ́, á ṣu jọ díẹ̀díẹ̀ yí ọwọ́ ká bí awọ ara àgbàlagbà; èyí kàn lọ sísàlẹ̀, ó tún sáré gòkè padà. Ó wo àwọn ihò tóótòòtó ojú rẹ̀: gbogbo wọn dọ́gba, wọ́n tò bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà. Nígbà náà ló wá síìpù tìmùtìmù ìjókòó rẹ̀ rí, ó sì ṣí i.

“Mọ́mì, a kì í ṣí ìyẹn o,” ni Mark wí.

“Olùkọ́ ni mí. Tí mo bá fẹ́ mọ ohun tí ọmọ kọ, mo máa ń ṣí ìwé.”

Ó yí etí awọ náà padà, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ han Mark. Aṣọ ni, aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti báńdéèjì, tí wọ́n fi ike dúdú kùn lójú. Ó ní, “Ẹ̀yìn awọ gidi máa ń ní irun wẹ́wẹ́, bí etí ewúrẹ́. Ẹran wo ló ń wọ aṣọ sábẹ́ awọ rẹ̀, Mark?”

Ọmọkùnrin náà wo ẹ̀yìn wò bóyá ọ̀gá rẹ̀ wà nítòsí. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ó fa síìpù náà padà sí ipò rẹ̀. “Mọ́mì, láti ọdún mẹ́ta tí mo ti wà níbí, kò sẹ́ni tó ṣí i rí. Ta ló kọ́ yín?”

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi Ṣùkúrát ní ìbéèrè tó jọ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sórí àga Ítálì náà. Ó ní, “Bàbá mi ni.”

Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bí i. Mùstàfá bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ awọ, ó ń rán tìmùtìmù, èyí tí àwọn èèyàn ń gbé sílẹ̀ nínú pálọ̀ láti jókòó lé tàbí kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé. Awọ ewúrẹ́ máa ń wà nínú ìkòkò ńlá mẹ́ta lẹ́yìnkùlé wọn nígbà gbogbo: ìkan nínú omi eérú kí irun lè tú, ìkan nínú omi bàgàrúwà, èso tí àwọn Hausa ń gbé wá, kí awọ má baà jẹrà, ìkan nínú omi pòpórò ọkà bàbà kó lè pọ́n. Bí Ṣùkúrát bá ti ilé kéwú dé, ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ lórí ẹní ló ń jókòó sí. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tó kọ́kọ́ fún un ní abẹ́rẹ́. Nígbà tó fi pé mẹ́wàá, ó lè dijú, kó fọwọ́ kan awọ, kó sọ bóyá òbúkọ ni tàbí abo, bóyá ọ̀nà ọrùn ni tàbí ọ̀nà ikùn. Bó bá mọ̀ ọ́n, bàbá rẹ̀ kì í yìn ín. Á kàn ti awọ mìíràn sí i. Òórùn ibẹ̀ kò kúrò lára aṣọ wọn láé, Ṣùkúrát kò sì mọ̀ pé òórùn ni títí ó fi dé Ìbàdàn.

Kò sọ gbogbo èyí fún Mark. Ohun tó sọ kò ju gbólóhùn mẹ́rin márùn-ún lọ. Síbẹ̀, ọmọkùnrin náà tẹ́tí, nígbà tó sì parí, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé, “Mọ́mì, tó bá jẹ́ ẹni tó máa jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ ni, ẹ má ra èyí. Ooru á bó o. Ọkùnrin kan wà ní Challenge tó ń kan àga, Bọ́láwárìn. Òun náà ló ń bá wa tún àwọn tó bá bàjẹ́ ṣe. Ó máa ń ní awọ màlúù láti Kánò.” Ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sẹ́yìn ìwé pélébé kan.

Ibi iṣẹ́ Bọ́láwárìn wà lẹ́yìn ìlà àwọn mẹkáníìkì, ní abẹ́ páànù, eruku igi sì bo ohun gbogbo. Ọkùnrin bí ẹni ogójì ọdún ni, ó fi pẹ́ńsù sétí. Ṣùkúrát jíṣẹ́ fún un, ó yọ okùn rẹ̀ jáde, ó sì fi kókó méjèèjì hàn án. Bọ́láwárìn gba okùn náà, ó wò ó, ó wo ìyá náà.

“Èmi ò rí oníbàárà tó gbé ara èèyàn wá nínú báàgì rí,” ló wí.

Ó fi egungun àga méjì tó ti kàn hàn án. Ṣùkúrát gbé igun ìkíní sókè. Ó fúyẹ́, ó sì dún wínrín. Ó gbé ìkejì. Ó ní láti lo ọwọ́ méjèèjì.

“Igi wo lèyí?”

“Ọ̀ganwó.”

“Ìkíní ńkọ́?”

“Igi funfun ni. Ti àwọn tó bá ń kánjú ni ìyẹn, Mọ́mì.”

“Èmi ò kánjú.”

Ó wá kan awọ. Bọ́láwárìn tẹ́ méjì sórí tábìlì. Ìkíní dúdú, ó jọ̀lọ̀, kò ní àbùkù kankan. Ìkejì rẹ́súrẹ́sú bí iyẹ̀pẹ̀ odò. Ojú ibi tí eégbọn ti bù jẹ wà lọ́tùn-ún lósì lára rẹ̀, àpá gígùn kan sì wà níbi ìdí, níbi tí ẹ̀gún tàbí wáyà ti fa ẹran náà ya nígbà ayé rẹ̀. Bọ́láwárìn gbé ti dúdú síwájú. Ó ní ìyẹn ló dára jù, pé òun á gé ibi àpá ti ìkejì kúrò bí Mọ́mì bá tiẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ṣùkúrát kán omi inú ike rẹ̀ sórí awọ méjèèjì. Lórí ti dúdú, omi náà dúró bí ìlẹ̀kẹ̀, kò lọ síbì kankan. Lórí ti rẹ́súrẹ́sú, ó dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ojú ibẹ̀ sì ṣókùnkùn.

“Awọ ni méjèèjì,” ló wí, “mi ò ní pé o parọ́. Àmọ́ wọ́n ti ha ojú ti dúdú yìí, wọ́n sì ti fi ọ̀dà bò ó nípọn. Kò lè mí mọ́. Tí ọkọ mi bá jókòó lé e nínú ooru oṣù kẹta, á lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ìkejì yìí ni mo fẹ́. Má gé àpá rẹ̀ kúrò. Fi síbi ẹ̀yìn òkè, kó hàn.”

“Kó hàn kẹ̀?”

“Bàbá mi máa ń sọ pé awọ tí kò bá ní àpá, ẹran tó ni ín kò rìn jìnnà.”

Ó san àsansílẹ̀, ó sì lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Bọ́láwárìn dá fún un, ṣùgbọ́n kò lè dúró dè é. Ọjọ́ kẹsàn-án ló tún wọ mọ́tò lọ sí Challenge. Ó bá Bọ́láwárìn níbi tó ti ń fi ẹ̀rọ rán apá àga. Awọ náà nípọn ju ohun tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ fẹ́ lọ, okùn sì ń já níbi kọ́nà. Ó já lẹ́ẹ̀kíní, ó já lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùkúrát wò ó títí, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì í bí ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan.

“Ṣé o ní abẹ́rẹ́ ọwọ́? Èyí tó nípọn?”

Bọ́láwárìn ní òun ní. Ó tún fún un ní okùn tí wọ́n fi ìda pa lára. Ṣùkúrát fa àpótí kan, ó jókòó, ó gbé apá àga náà lé itan. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni ọwọ́ rẹ̀ ti kan iṣẹ́ yìí kẹ́yìn. Ó rò pé òun ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n bí ó ti gún ojú kìíní, tó fa okùn dé ìdí, tó tún gbà á padà láti abẹ́, ìka rẹ̀ ń lọ fúnra wọn. Ó rán kọ́nà náà bí bàbá rẹ̀ ṣe ń rán an, ojú abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan ń di èyí tó ṣáájú rẹ̀ mú. Àwọn mẹkáníìkì méjì wá dúró ń wò ó. Bọ́láwárìn jókòó síwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe kí n rí i,” ló sọ nígbà tó ṣe.

Ó tún un ṣe. Kọ́nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló rán lọ́jọ́ náà. Nígbà tó ń padà sílé, òórùn awọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tó jókòó tì í nínú mọ́tò yí imú padà díẹ̀, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ṣùkúrát mọ ìsúnlọ yẹn. Òun náà ti ṣe é rí.

Wọ́n gbé àga náà dé Agbowó ní ọjọ́ Sátidé kan ní ọ̀sán. Ọlálẹ́yẹ yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó fọwọ́ kan àpá ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà ló jókòó. Gìgísẹ̀ rẹ̀ tẹlẹ̀, ìpàkọ́ rẹ̀ kan òkè. Ó mí kanlẹ̀.

“Ó ń rùn díẹ̀,” ló wí.

Nígbà tó gbójú sókè, ó rí i pé omi ti lé sí Ṣùkúrát lójú.

“Ìyá Jọlá, mi ò ní pé ó burú o. Òórùn rẹ̀ dára.”

“Kì í ṣe ìyẹn.” Ó jókòó sórí àga àtijọ́ tó kọjú sí i. Lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógójì tí wọ́n ti jọ ń gbé, ó wá sọ ohun tí kò sọ fún un rí.

Ọdún tó kọ́kọ́ lò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Ìbàdàn níbí ni. Àwọn ọmọ tí wọ́n jọ wà ní yàrá, ọmọ akọ̀wé àti ọmọ nọ́ọ̀sì ni wọ́n. Wọ́n máa ń béèrè pé kí ló ń rùn nínú àpótí aṣọ Ṣùkúrát. Ó fọ aṣọ náà, ó tún un fọ̀, ó sì purọ́ fún wọn pé oníṣòwò ni bàbá òun. Ní ọjọ́ ìbẹ̀wò kan, bàbá rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ọ̀ láti Ọ̀yọ́, ó ru tìmùtìmù pupa àti dúdú kan tó fi aṣọ dì, tó fi oṣù kan gbáko rán nítorí ọmọ rẹ̀, kó lè máa rí nǹkan jókòó lé tó bá ń kàwé. Ṣùkúrát pàdé rẹ̀ ní ẹnu géètì. Ó ní wọn kì í jẹ́ kí àlejò wọlé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn òbí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú ọgbà níbẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ, ó fi tìmùtìmù náà ta ẹni tó ń ṣọ́ géètì lọ́rẹ.

“Oṣù tó tẹ̀ lé e, bàbá mi tún wá,” ni Ṣùkúrát wí. “Èmi ń bọ̀ láti ilé ìdáná, mo sì rí wọn láti òkèèrè. Ọkùnrin géètì jókòó lórí tìmùtìmù náà, bàbá mi dúró níwájú rẹ̀. Mo dúró sẹ́yìn igi. Mo gbọ́ tí wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀.”

“Kí ni wọ́n sọ?”

“Wọ́n ní kó má máa gbé e sójú òjò. Wọ́n ní tó bá gbẹ jù, kó fi òrí díẹ̀ pa á. Nígbà tí mo wá yọjú, wọ́n gbé gààrí àti ẹ̀pà fún mi, wọ́n ní ṣé ara mi le. Títí wọ́n fi kú, wọn ò mẹ́nu kàn án.”

Ọmọ ilé kejì ń pọn omi, ìró garawa rẹ̀ ń wọlé láti ojú fèrèsé. Níkẹyìn Ọlálẹ́yẹ ní, “Ẹni tí inú bá ń bí kì í ro ti òjò.”

Ṣùkúrát fi ìborí rẹ̀ nu ojú. Ó ti tó ogójì ọdún tó ti ń gbé ọ̀rọ̀ náà yí lọ́kàn, kò sì wò ó láti ibi tí ọkọ rẹ̀ ti wò ó yìí rí. Kò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ṣùgbọ́n ó sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

Ẹ̀yìn Ọlálẹ́yẹ kò san tán. Láàárọ̀, ó ṣì ń di ara ògiri mú kó tó nàró. Àmọ́ kò sẹ́ni tó tún ń fà á lápá mọ́ kó tó dìde. Jọlá wá kí wọn lọ́jọ́ Àìkú, ó ní àga náà kò dán, ó ní kí ló dé tí wọ́n fi àpá sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ kó lè wo fóònù rẹ̀, ìgbà tí wọ́n sì gbé oúnjẹ dé, oorun ti gbé e lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó tẹ̀ lé e, Bọ́láwárìn tẹ̀ ẹ́ láago. Ó ní ẹni tó ń kó awọ wá láti Kánò ti dé, ó kó mẹ́rìnlá wá, ó sì ń búra pé gbogbo wọn ló dára. “Mọ́mì, ojú mi ò tó o. Ṣé ẹ lè wá bá mi fọwọ́ kàn wọ́n?”

Ṣùkúrát ní òun ń bọ̀. Ó gbé oúnjẹ ọ̀sán ọkọ rẹ̀ sórí tábìlì, ó fi àwo dé e, ó sì lọ wá bàtà rẹ̀.